Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ Ìrẹsì

Kò sí wúrà nínú ilẹ̀ Ìdí-Ọsàn, abúlé kan tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ayétòrò lọ sí Jogà-Orílé. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, eruku àwọn tírélà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ìbèṣè sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Alhaji Sàláúdéènì kọ́ ilé ìlọwúrà rẹ̀ sí. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó òkúta wá fún un, ìrìn àjò tó ń ba táyà jẹ́, tó sì ń ba inú dírẹ́bà jẹ́. Bí èèyàn bá bi í pé kí ló dé tí kò kọ́ ọ sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta, èsì kan náà ló máa ń fọ̀.

"Ta ló máa gbọ́ ariwo rẹ̀ níbẹ̀? Ẹbí mi kò sí ní Iléṣà."

Jemima ni alábòójútó ẹ̀rọ náà. Ọmọ katikíìsì ni, ó sì ti ṣe tíṣà sáyẹ́ǹsì ní iléèwé ìjọ kí Alhaji tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Títí di ìsinsìnyí, "Tíṣà" ni Alhaji ń pè é. Obìnrin náà gbà tọkàntọkàn pé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ló nídìí, àti pé ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí ìdí náà. Ìgbàgbọ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i lórí lásìkò tí ìjọba ti bodè.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti lóye. Àgbá irin ńlá kan ni, ó tó yàrá kan, wọ́n dá a dùbúlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń yí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù irin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ọmọ ọlọ. Bí àgbá bá ti ń yí, ọmọ ọlọ á máa gòkè, á máa já lu òkúta, títí òkúta á fi di ẹrọ̀fọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ náà á wá ṣàn gba orí tábìlì gígùn kan tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Wúrà wúwo, nítorí náà á rì sínú irun kápẹ́ẹ̀tì, ìyókù á sì ṣàn lọ sínú kòtò ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n bí òkúta kò bá kúnná, wúrà inú rẹ̀ kò ní jáde. Á jókòó sínú hóró òkúta bí ẹni tó wọ mọ́tò ọ̀fẹ́, á sì bá a lọ sínú kòtò.

Lọ́dún náà, àwọn ọmọ ọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n tóbi tó ọsàn nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n di àgbálùmọ̀, wọ́n di ẹyin ẹyẹlé, òkúta tó sì ń jáde nínú àgbá wá rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọ ọlọ titun tí Alhaji rà ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gba Ìdíìrókò wọlé gan-an ni wọ́n ti bodè pa. Nítorí ìrẹsì ni wọ́n ṣe tì í, gbogbo èèyàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti tì, kì í béèrè pé kí ni ìwọ gbé lọ́wọ́.

Jemima kọ́kọ́ gbìyànjú láti jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ kó tó dúró, kí òkúta lè kúnná sí i. Ìyẹn ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹni mu omi, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní kí ọkọ̀ epo má ṣe sún mọ́ bodè mọ́. Ló bá lọ sí iléèwé tó ti ṣe tíṣà, ó bẹ ọ̀gá iléèwé pé kó yá òun ní bọ́ọ̀lù irin tí àwọn ọmọ máa ń jù níbi eré ìdárayá. Wọ́n yá a. Ó jù ú sínú àgbá láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bọ́ọ̀lù náà ti fọ́: páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lóde, sìmẹ́ǹtì ló wà nínú. Gbogbo ọdún tí àwọn ọmọ ti ń ju nǹkan yìí, tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń jù. Jemima fi ìwé ìròyìn di àfọ́kù náà, ó gbé e padà, ó sì dúró níwájú ọ̀gá iléèwé bí ẹni tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀.

Níkẹyìn ó ránṣẹ́ sí Ọdẹkúnlé, ará Ìpókíá kan tó mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó tó já sí ìlú àwọn tó ń sọ Faransé. Ọdẹkúnlé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ fìlà, ó họ orí.

"Irin yìí ló máa kó mi sí wàhálà, Àǹtí."

"Òfin kò de irin," Jemima sọ. "Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbé bọ́ọ̀lù irin wọlé."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Bí mo bá gbé ìrẹsì, àwọn aṣọ́bodè mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà. Wọ́n á jágbe mọ́ mi, màá dọ̀bálẹ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, màá sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù irin? Wọ́n á ní kí ni? Bọ́ǹbù ni? Wọ́n á gbé mi lọ sí Àbújá."

"Kí lo wá rò pé ká ṣe?"

"Màá kó irin yín sínú àpò, màá da ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, ìrẹsì ni wọ́n máa rí, ọkàn wọn á sì balẹ̀."

Jemima ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Ohun tí òfin fọwọ́ sí ni wọ́n fẹ́ fi ohun tí òfin kọ̀ bò. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, kò rí i. Ó ní kó máa lọ gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹrù náà dé, Ọdẹkúnlé já àwọn àpò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi Faransé dúpẹ́ pé "mẹ̀sí bòkú," ó sì sáré lọ. Jemima àti Bánjí, ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá asẹ́ tí wọ́n máa fi yọ irin kúrò nínú ìrẹsì ni wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ ńlá kan ń gun òkè bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Wọ́n ti dé!" Bánjí kígbe.

Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni Bánjí, ẹ̀rù sì fi agbára kún agbára rẹ̀. Kí Jemima tó la ẹnu, ó ti gbé àwọn àpò náà níkọ̀ọ̀kan, ó ti dà wọ́n sí ẹnu àgbá lé òkúta inú rẹ̀ lórí, irin àti ìrẹsì, ó ti dé e pa, ó sì ti tan ẹ̀rọ. Ọkọ̀ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà. Tírélà sìmẹ́ǹtì kan ni. Dírẹ́bà rẹ̀ yọjú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun ní omi, ẹ́ńjìnnì òun ti gbóná.

"Bánjí, kí lo ṣe yìí?"

"Mo fi ẹ̀rí pa mọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Wọn kò lè pa ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ẹrù nínú, nítorí bí ó bá dúró, dísẹ́ẹ̀lì tó kù kò ní tó láti tún gbé e dìde. Jemima jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí kí nǹkan bàjẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ariwo ẹ̀rọ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, gbàràgàdà-gbàràgàdà ló máa ń ṣe, bí ìgbà tí ìkòkò ń yí láti orí òkè. Ní báyìí, gbìn, gbìn, gbìn, bí ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì. Ohun tó wá ń jáde lẹ́nu kejì àgbá funfun, ó ki, ó rọra ń rìn bí ògì. Jemima fi ìka méjì yí i wò. Kò rí hóró kankan. Ó rí bí àtíkè. Nígbà tó sì wo kápẹ́ẹ̀tì, ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú tí wúrà máa ń fà síbẹ̀ ti nípọn ju bó ti rí i rí lọ. Ó wò ó, ó wo Bánjí, ó tún wò ó.

Kò pẹ́ tí Alhaji fi gbọ́, ó sì dé pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

"Tíṣà! Kí lẹ fi sí i?"

Jemima kì í purọ́. Ó ní, "Ìrẹsì ni, Alhaji. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá ìrẹsì náà ló ṣe é. Irin titun wọlé, ìrẹsì wọlé, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ ká yọ ọ̀kan wò."

"Ká yọ kí ni? Ọmọ tí kì í jẹun, ó wá ń jẹun, o ní ká gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Síbẹ̀ ó gbà kó dán an wò. Jemima fi irin titun náà lọ òkúta láìfi ìrẹsì sí i. Gààrí Ìjẹ̀bú ló tún jáde. Alhaji na ọwọ́ méjèèjì sí ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n ti dá láre. Ìdí nǹkan náà wá sọnù mọ́ Jemima lójú pátápátá.

"Bó bá jẹ́ ìrẹsì náà ni," ó sọ nígbà tó yá, "ẹ jẹ́ ká ra Ọ̀fàdà, tí òfin kò dè."

"Ẹ̀rọ òkèèrè ni," Alhaji dáhùn. "Kò mọ Ọ̀fàdà. Inú rẹ̀ á dàrú."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Ọdẹkúnlé, tí wọ́n ní kó wá gbé irin, di ẹni tó ń gbé ìrẹsì lásán, ó sì ń rojọ́ pé iṣẹ́ náà kò ládùn mọ́. Alhaji kì í béèrè mọ́ pé wúrà mélòó ni wọ́n rí. Bó bá ti pè lórí fóònù láàárọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé ó ti jẹun?" Bí Jemima bá ní ó ti jẹun, á ní, "Ṣé ó yó?" Nígbà kan tí òjò pọ̀ tí Ọdẹkúnlé kò lè gba ojú ọ̀nà, Alhaji gbé ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ ń fi pa mọ́ fún oṣù Ààwẹ̀, ó gbé e wá fún ẹ̀rọ. Ìyàwó náà lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní òun kò bá ẹ̀rọ du ọkọ.

Kò sì sí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè fara pa mọ́. Ìrẹsì ti wọ́n káàkiri, àwọn ará Ìdí-Ọsàn ń jẹ gààrí láàárọ̀, wọ́n ń jẹ láfún lálẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn ògì wá bá wọn láti ilé ìlọwúrà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ abúlé kó lọ sí ẹ̀bá kòtò ìdọ̀tí. Ohun tó wà níbẹ̀ ti kan bí ọtí, wọ́n sì ń mu ún, wọ́n ń sanra, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sílé bí àwọn bàbá tó ti ibi ìkómọ bọ̀. Ìyá àgbà kan wá dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó kí Jemima dáadáa, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ó máa ń jẹ ẹ́ kù?"

 Ojú ti Jemima títí ó fi délé.

Ẹnìkan ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìlaròó, níbi tí ikọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrẹsì lọ. Ikọ̀ Amójútó Ìrẹsì ni orúkọ wọn. Ọ̀gá wọn ni Wisdom, ọkùnrin gíga kan tí kì í ṣe Yorùbá, tó kọ́ èdè náà nínú báráàkì. Wọ́n ti sọ fún un pé ilẹ̀ yìí kò fẹ́ àfojúdi, nítorí náà gbogbo ohun tó lẹ́mìí ló ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún," ó sọ fún ewúrẹ́ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá kọjú sí Jemima. "Ẹ káàsán, mà. A gbọ́ pé ẹnìkan wà níbí tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì òkèèrè lójoojúmọ́, tàpò-tàpò. Níbo ni wọ́n wà?"

Jemima na ọwọ́ sí àgbá tó ń yí.

Wisdom kọjú sí àgbá náà. "Ẹ ní kí wọ́n dúró, ká jọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ ni, ọ̀gá. Òkúta ló ń lọ̀. Wúrà ló wà nínú òkúta náà."

"Mi ò bi yín ní wúrà, mà. Ìrẹsì ni wọ́n rán mi." Ó na ìka sínú ẹrọ̀fọ̀ náà, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́. "Ìrẹsì ni. Wọ́n ti yí i padà kí a má baà mọ̀ ọ́n."

Wọn kò lè gbé ẹ̀rọ, nítorí ó tóbi ju mọ́tò wọn lọ. Wọ́n ní àwọn máa gbé ohun tó jẹ. Wọ́n gba gbogbo ẹrọ̀fọ̀ tí kò tíì kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn mọ́tò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń dúró de kápẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Bánjí ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Jemima rí i pé bí dúrọ́ọ̀mù náà bá lọ, wúrà Alhaji ti lọ nìyẹn. Láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó gun ẹ̀yìn mọ́tò, ó jókòó sáàárín wọn.

Ọ̀nà Ìlaròó kò dára lásìkò náà. Mọ́tò ń já sí kòtò, ó ń jáde, ó ń já sí òmíràn, dúrọ́ọ̀mù ń fò, Jemima ń fò. Ó ti káwọ́ bo ojú, nítorí kò sí ìdérí lórí dúrọ́ọ̀mù kankan, ó sì ń retí kí ẹrọ̀fọ̀ ta sí òun lára. Wọ́n rìn jìnnà kó tó fura pé kò sí èyí tó ta sí òun lára. Ó ṣí ojú. Ẹrọ̀fọ̀ náà jókòó jẹ́ẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí mọ́tò bá fò, á gbọ̀n díẹ̀, á tún padà jókòó. Èyí tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ìrẹsì tó dé, bí èèyàn bá gbé e nínú garawa gba àgbàlá kọjá, á ta sí i lẹ́sẹ̀, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Jemima dìde dúró nínú mọ́tò tó ń fò náà.

"Omi ni!" ó kígbe. "Omi ni, kì í ṣe ìrẹsì!"

Wisdom yọ orí lójú fèrèsé. "Mà, ẹ má yí ẹjọ́ padà."

Ó wá yé e. Omi tí àwọn ń dà sí àgbá ti pọ̀ jù. Òkúta ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ó ń yẹ̀ fún ọmọ ọlọ, irin ń lu irin lásán, ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo, ìdí nìyẹn tí irin fi ń yára rù. Ìrẹsì kò ṣe ju pé ó fa omi mu, ó jẹ́ kí ẹrọ̀fọ̀ ki, kí òkúta lè lẹ̀ mọ́ irin lára kí irin sì rí i lù. Omi tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dín kù ni wọ́n ti ń fi àpò-àpò ìrẹsì fà mu. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé wọ́n mú òun.

Ilé ìkẹ́rùsí kòkó àtijọ́ kan ni ikọ̀ náà ń gbé. Wisdom ní òfin àwọn ni pé àwọn kò gbọdọ̀ pe nǹkan ní ìrẹsì láìsè é, nítorí náà ó pe Àrìnpé, obìnrin tó ń dáná fún wọn. Àrìnpé wo inú dúrọ́ọ̀mù, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Kí n se èyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Èmi kì í se ìrẹsì tí mi ò bá tíì fọ̀."

Ó bu díẹ̀ sínú abọ́ páànù fífẹ̀, ó da omi lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi abọ́ náà yíká, tó ń rọra da omi rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù mìíràn, bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń ṣe kí òkúta má baà bá ìrẹsì wọ ìkòkò. Jemima ń wò ó. Funfun ń lọ, eérú ń lọ, dúdú ń lọ. Ohun tó kù sí ìsàlẹ̀ abọ́ níkẹyìn jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán.

"Kí nìyẹn?" Wisdom béèrè.

"Òkúta inú ìrẹsì ni," Àrìnpé sọ. "Ìrẹsì ìsinsìnyí kò dáa mọ́."

"Wúrà ni," Jemima sọ. "Ọ̀gá, mo ti sọ fún yín. Wúrà nìyẹn."

Wisdom bojú jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó nàró. "Ẹ gbọ́, mà. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, iṣẹ́ mi ni. Bó bá jẹ́ òkúta inú ìrẹsì, kì í ṣe iṣẹ́ mi, màá yọ ọ́ dànù kí ìwọ̀n ìrẹsì lè pé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wúrà, mo ní láti pe ọ́fíìsì mìíràn, àwọn náà á pe òmíràn, gbogbo wa á jọ jókòó síbí di Kérésìmesì. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí nìyẹn?"

Jemima kì í purọ́. Ó wo abọ́ náà, ó wo ojú ọ̀run, ó wo Àrìnpé.

"Nǹkan tó wà nínú òkúta ni," ó sọ.

"Ó dáa. Ẹ bá wa kó o kúrò nínú ìrẹsì ìjọba."

Báyìí ni gbogbo Ikọ̀ Amójútó Ìrẹsì ṣe bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè, tí Àrìnpé ń pín abọ́ fún wọn, tí Jemima sì ń lọ láàárín wọn bí ìgbà tó wà ní kíláàsì. "Ẹ má yára. Ẹ jẹ́ kó jókòó kí ẹ tó da omi. Ìwọ tó wà lẹ́yìn, gbé abọ́ rẹ sókè díẹ̀." Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ohun tó ń dán ti wà nínú ike ìpara kan tí Àrìnpé fún un. Ó pọ̀ ju èyí tí kápẹ́ẹ̀tì Alhaji ti mú rí. Wọ́n ti àwọn dúrọ́ọ̀mù ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ inú yàrá, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Wisdom fúnra rẹ̀ sìn ín dé ibi tó ti máa rí ọ̀kadà, ó sì ní kó kí ẹ̀rọ náà fún òun.

Ní ọjọ́ kejì, Jemima fi ike náà lé Alhaji lọ́wọ́, ó sì dín omi kù. Bánjí, tó ti fi ìtìjú padà dé, tan ẹ̀rọ. Gbìn, gbìn, gbìn. Ó tètè kúnná, ó sì mu dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Jemima bu ẹrọ̀fọ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ Alhaji. Alhaji fi ìka yí i, ó tún yí i.

"Ìrẹsì mélòó ló wà nínú èyí?"

"Kò sí rárá, Alhaji. Omi la dín kù."

Ọkùnrin náà kò yọ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo àgbá, ojú rẹ̀ sì rọ. "Kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀?" ó béèrè. Jemima ní kò jẹ nǹkan kan. Alhaji mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì tó kù nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ìyá àgbà tó gbé abọ́ wá lọ́jọ́sí, òun náà sì múra, ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ ní ilé àwọn àna.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà kí Wisdom tó tún yọ. Òun nìkan ló wá, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó kí ewúrẹ́, ó kí Bánjí, ó wá fa Jemima sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mà, ìrẹsì yín ti kan. Gbogbo àdúgbò ló ń rojọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ikọ̀ mi kò sùn sínú ilé mọ́, abẹ́ igi ni wọ́n ń sùn. Mi ò lè dà á nù, ìrẹsì ìjọba ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rà á padà. Ọ̀fẹ́ ni mo ń sọ yìí. Ẹ kàn wá gbé e."

"Ọ̀gá," Jemima sọ, "ṣé ìrẹsì òkèèrè ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. A ti sè é, a ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ má bínú. Òfin kò gbà mí láyè."

Wisdom dúró, ó ro ó, ó sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń pa òfin mọ́. Jemima ní kó dúró jẹ ẹ̀gẹ́ sísun, Wisdom ní òun ti jẹun. Ọ̀kadà rẹ̀ ṣì ń gun òkè lọ nígbà tí Bánjí pariwo láti inú ilé pé ẹrọ̀fọ̀ ti ń ki jù lẹ́nu àgbá, Jemima sì sáré wọlé lọ ṣí omi díẹ̀ sí i.